Ẹ Má Torí Ọjà Mú Ìtọ̀ Mọ́ra: Ọ̀rọ̀ Lórí Àrùn Ojú Ìtọ̀ Obìnrin

   

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó tíkẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ara wa ni. Obìnrin kì í fẹ́ sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bo àrùn mọ́ra, àrùn náà ni yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tó mọ̀wé kà, ẹ bá wa kà á sétí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà, ẹ má sì fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ná. Láti ìgbà tí a ti pàtẹ láàárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀melòó la dìde lọ tọ̀? Púpọ̀ nínú wa ò tí ì lọ rárá. Oníbàárà ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá wa wojú àtẹ, tọ́yìlẹ́ẹ̀tì jìnnà, ó ń rùn, omi ò sí ńbẹ̀, wọ́n sì tún ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, a wá dá ọgbọ́n kan: a ò mu omi mọ́, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wá. Ọgbọ́n yẹn gan-an ló ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn.

KÍ NI ÀRÙN OJÚ ÌTỌ̀?

Kídìnrín méjì ló wà lẹ́yìn wa, lábẹ́ egungun ìhà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Ohun tí wọ́n bá sẹ́ kúrò á di ìtọ̀, á gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wá sínú àpò ìtọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ikùn. Bí àpò yìí bá kún dáadáa, ó lè gba ìtọ̀ tó tó omi inú ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ ti ń gba ojú ọ̀nà kékeré kan jáde.

Tí kòkòrò àìfojúrí bá gba ojú ọ̀nà yẹn wọlé, tó lọ tẹ̀dó sínú àpò ìtọ̀, àrùn ojú ìtọ̀ nìyẹn. Kòkòrò tó ń fà á jù ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní E. coli. Inú ìfun, níbi tí ìgbẹ́ wà, nilé tirẹ̀, kì í sì í sábà yọ wá lẹ́nu níbẹ̀. Ẹ wò ó bí ẹni tó jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ọjọ́ tó bá kúrò ní ìsọ̀ tirẹ̀, tó lọ gba ti ẹlòmíràn, ọjọ́ náà ni ìjà dé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé obìnrin ló ń ṣe jù? Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára wa kò gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ti ọkùnrin tó bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹnu ọ̀nà tiwa sì tún sún mọ́ ihò ìdí. Ìrìn àjò tí kòkòrò máa rìn lára wa kò jìnnà rárá. Ìdí nìyí tí nǹkan bí ìdajì gbogbo obìnrin fi ń ní àrùn yìí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn. Àrùn tó ń ṣe ìdajì obìnrin, ìtìjú wo ló wà níbẹ̀?

ÌTỌ̀ TÓ DÚRÓ SÓJÚ KAN

Omi tó ń ṣàn kì í rùn. Èyí tó bá dúró sójú kan ni ẹ̀fọn ń yé sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ̀ rí. Gbogbo ìgbà tí a bá tọ̀, ìtọ̀ yẹn ń fọ ojú ọ̀nà, ó ń gbá kòkòrò tó fẹ́ wọlé síta. Bí a bá wá mú un mọ́ra fún wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìwọ̀nba kòkòrò tó ti wọlé á ráyè bí sí i. Bí ibi tó wà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kòkòrò kan lè di méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò èrè, ẹ bá wa ṣe é: ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Tó bá fi máa di wákàtí mẹ́ta, ọ̀kan ti lè di 512. Èlé owó wo ló yá tó bẹ́ẹ̀?

Omi tí a kò mu tún dá kún un. Bí omi bá kéré lára, ìtọ̀ á kéré, á ki, kò ní lè fọ nǹkan kan. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ìṣègùn tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Obìnrin 140 ni wọ́n fi ṣe é lórílẹ̀-èdè Bulgaria, gbogbo wọn ni àrùn yìí sì ń yọ lẹ́nu léraléra, tí wọn kì í sì í mu omi tó. Wọ́n ní kí ìdajì wọn fi lítà kan àtààbọ̀ omi kún èyí tí wọ́n ń mu lójúmọ́. Wọ́n ní kí ìdajì yòókù máa mu bí wọ́n ṣe ń mu tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, iye ìgbà tí àrùn náà mú àwọn tó fi omi kún omi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àwọn yòókù. Lítà kan àtààbọ̀ kì í ṣe nǹkan tó le o. Píọ́ wọ́tà mẹ́ta ni, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50 lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé inú tọ́yìlẹ́ẹ̀tì la ti ń kó àrùn yìí, pé ooru ṣáláńgá ló ń fẹ́ sí wa lábẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kì í bá ooru fò sókè wọnú àpò ìtọ̀, jíjókòó lórí tọ́yìlẹ́ẹ̀tì kọ́ ló sì ń fà á. Kòkòrò ara wa fúnra wa ló sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n tọ́yìlẹ́ẹ̀tì tó dọ̀tí jẹ̀bi lọ́nà mìíràn: òun ló ń lé wa sá tí a fi ń mú ìtọ̀ mọ́ra. Òun náà ló ń jẹ́ ká máa nàró bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí a bá débẹ̀, tí ara ò ní dẹ̀ wá, tí ìtọ̀ ò ní tán kí a tó sáré jáde. Èyí tó ṣẹ́kù nínú àpò ni kòkòrò á fi ṣe ibùjókòó.

KÌ Í ṢE ÀTỌ̀SÍ

Ibí yìí ni ká ti fara balẹ̀, nítorí ó ti tú ilé ká. A mọ ìyàwó ilé kan lọ́jà wa níbí tí ìtọ̀ ń ta lójú ara. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọkọ rẹ̀ fi ní àtọ̀sí ni, pé kó lọ wá ẹni tó fún un. Àwọn ẹbí gbọ́, ọ̀rọ̀ di ariwo, obìnrin kó ẹrù lọ sílé ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kòkòrò inú ìfun ni, kò sí àtọ̀sí ńbẹ̀ rárá.

Ìbálòpọ̀ ló ń gbé àtọ̀sí láti ara ẹnì kan sí ara ẹnì kejì. Àrùn ojú ìtọ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan fún wa. Lóòótọ́, bí lọ́kọláya bá sún mọ́ra, ó lè ti kòkòrò tó wà létí ọ̀nà wọlé, ìdí nìyẹn tó fi máa ń mú ọ̀pọ̀ ìyàwó tuntun. Ìyẹn kò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣe àgbèrè. Obìnrin tí kò mọ ọkùnrin rí ń ní in, ọmọdébìnrin ń ní in, màmá arúgbó ń ní in.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ wa gbọ́ o. Àtọ̀sí náà lè mú kí ìtọ̀ máa ta obìnrin. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀, ẹnu ọkọ kò lè mọ̀ ọ́n, ẹnu àná kò lè mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò ló mọ̀ ọ́n. Kí á yẹ̀ ẹ́ wò ná kí á tó jà.

Bó bá jẹ́ pé ojú ara ló ń yún wa, tí omi funfun tó dì tàbí omi tó ń rùn ń jáde, àrùn mìíràn lè ni, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ fún ẹni tó ń wọ odò fọṣọ tàbí wẹ̀: ó lè jẹ́ aràn tó ń ti ara ìgbín omi wá, tí àwọn kan ń pè ní àtọ̀sí ajá. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń wọ odò.

BÍ A ṢE LÈ MỌ̀ Ọ́N

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí:

Ìtọ̀ á máa ta wá, á máa gbóná bíi ata bó ṣe ń jáde.

Á máa gbọ̀n wá léraléra. Bí a bá sì dé ibi tí a fẹ́ tọ̀ ọ́ sí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa kán.

Kò ní ṣe é mú mọ́ra mọ́, nígbà mìíràn á yọ sí wa lára ká tó débẹ̀.

Ìtọ̀ á dàrú bíi omi tí a fi fọ ìrẹsì, á máa rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ sì lè wà nínú rẹ̀.

Abẹ́ ìdodo á máa ro wá.

Bó bá mọ síbẹ̀, inú àpò ìtọ̀ ló ṣì wà. Ìgbà tó bá gòkè lọ bá kídìnrín ni ọ̀rọ̀ di ńlá. Ara á gbóná, òtútù á máa mú wa tí a ó máa gbọ̀n, ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ìhà á máa dùn wá lápá kan, èébì á máa gbé wa. Ẹni tó bá rí èyí, kó má ṣe pàtẹ lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Bí wọn ò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba kídìnrín jẹ́, ó lè wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè gbẹ̀mí èèyàn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ ṣọ́ra fún ibà. Ará wa kan tó ń ta ata gbígbẹ, ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń gbọ̀n. Gbogbo wa ní ibà ni. Ó lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Nígbà tí ẹ̀yìn wá ń dùn ún tí kò lè nàró, ni wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Kídìnrín ni. Ọjọ́ márùn-ún ló fi sùn sórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, iye tó ná tó owó ọjà oṣù kan. Ìtọ̀ ti ń ta á fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ara tó gbóná, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ. Gbogbo ìgbà tí ara bá gbóná, tí òtútù ń mú wa, ká bi ara wa pé: ìtọ̀ mi ńkọ́?

ÀYẸ̀WÒ ÀTI OÒGÙN

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, wọ́n á ní kí ẹ tọ̀ sínú ike kékeré. Ẹ kọ́kọ́ fọ ojú ara, kí ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, èyí tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ gbà sínú ike, kí ẹ wá tọ èyí tó kù dànù. Ìtọ̀ àárín yẹn ló mọ́ jù. Wọ́n lè ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì mọ díẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tún lè gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti jẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ hù, kí wọ́n fi mọ kòkòrò wo ni àti oògùn tó máa pa á. Ìyẹn máa ń gba bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

A mọ ohun tí púpọ̀ wa ń ṣe. A ó yà ní ìsọ̀ oníkẹ́míìsì, a ó ní kó bá wa po oògùn pọ̀, pupa kan, dúdú kan, aláwọ̀ méjì kan. A ó lò ó lọ́jọ́ kan sí méjì, ara á fúyẹ́ díẹ̀, a ó tọ́jú èyí tó kù de ọjọ́ mìíràn tàbí kí a fún ọ̀rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dáwọ́ rẹ̀ dúró. Kòkòrò tí oògùn kò pa tán máa ń kọ́ oògùn náà, bí olè ṣe ń kọ́ àgádágodo. Lọ́jọ́ mìíràn, oògùn yẹn kò ní ràn án mọ́. Ọ̀pọ̀ E. coli lónìí ni ampicillin kò lè pa mọ́. Oògùn tí dókítà bá kọ, tó bá ní ọjọ́ márùn-ún ni, ká lò ó pé ọjọ́ márùn-ún, bí ara tilẹ̀ yá lọ́jọ́ kejì.

Àgbo ńkọ́? A kì í bú àgbo, àwọn ìyá wa ló tọ́ wa pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fi ń mu àgbo wò bóyá á lọ, ọjọ́ yẹn ni kòkòrò fi ń gun òkè lọ bá kídìnrín. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ná.

ÀWỌN TÓ GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA JÙ

Aboyún ni àkọ́kọ́. Nínú 100 aboyún, bíi 2 sí 10 ló ń ní kòkòrò yìí nínú ìtọ̀ láìmọ̀, láìsí ìrora kankan. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gòkè lọ sí kídìnrín, ó lè mú kí oyún bọ́ ṣáájú àkókò, tàbí kí ọmọ kéré púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá bí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ aboyún lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀. Kí aboyún má ṣe fi oúnjẹ ọjà rọ́pò ọjọ́ tó yẹ kó lọ síbẹ̀.

Ẹnì kejì ni ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí ara rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti bá kòkòrò jà. Bí àrùn ojú ìtọ̀ bá ń mú ẹnì kan lemọ́lemọ́, kó ní kí wọ́n yẹ ṣúgà òun wò.

Ẹnì kẹta ni àwa tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró fún. Ojú ara wa ti ń gbẹ, kò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ láti lé kòkòrò. Dókítà ní ìpara tí wọ́n lè fún wa fún ìyẹn, kí a má tijú béèrè. Bí màmá arúgbó bá ṣàdédé ń sọ̀sọkúsọ, kí á má sáré pè é ní ọ̀rọ̀ ayé. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú.

BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ RẸ̀

1. Ẹ mu omi láti àárọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ìtọ̀ tó bá funfun díẹ̀ dára. Èyí tó bá pọ́n bíi tíì, omi ti kéré lára nìyẹn, àyàfi tó bá jẹ́ oògùn bíi B complex la lò. Ẹni tí dókítà ti ní kó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kídìnrín, kó tẹ̀ lé ti dókítà.

2. Kí ó má ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tí a kò tọ̀. Bí a bá ń tọ̀, ká fara balẹ̀ kó tán.

3. Bí a bá yàgbẹ́ tán, iwájú ni ká ti nu wá sí ẹ̀yìn, tàbí kí á fi omi fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọbìnrin yín láti kékeré.

4. Lẹ́yìn tí a bá bá ọkọ sùn, ká dìde lọ tọ̀.

5. Ẹ má fi ọṣẹ, omi apakòkòrò inú ìgò tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú ojú ara. Kòkòrò rere wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ilé. Bí a bá lé olùṣọ́ lọ, olè á wọlé. Omi lásán níta ti tó.

6. Pátá olówùú tí kò fún ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

OHUN TÓ KU ẸGBẸ́ KÙ

A ò lè ní kí èèyàn máa mu omi, kí a má wo ibi tó máa tọ̀ ọ́ sí. Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni a fẹ́ gbé síwájú Ìyálọ́jà àti gbogbo ilé ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Èkínní, owó tọ́yìlẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń sanwó nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ tọ̀, á máa ṣírò owó kó tó dìde. Kí ọmọ ẹgbẹ́ máa san án lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú owó ẹgbẹ́, kó sì máa lọ iye ìgbà tó bá wù ú. Kí a máa fi owó náà ra omi àti ọṣẹ, ká fi ṣe àgádágodo sílẹ̀kùn ti obìnrin, ká fi san owó ẹni tó ń fọ̀ ọ́, kí akápò sì máa ka ìnáwó rẹ̀ sétí ìpàdé.

Èkejì, ẹnìkejì ìsọ̀. Kí olúkúlùkù mú aládùúgbò rẹ̀ kan, kí wọ́n jọ mọ iye ìkẹyìn ọjà ara wọn. Bí ọ̀kan bá lọ tọ̀, èkejì á bá a tà á láìsí ìjà. Oníbàárà kò ní lọ, àtẹ kò ní dá wà.

Ẹ̀kẹta, ká lọ bẹ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé kan, kí wọ́n bá wa yẹ ìtọ̀ àti ṣúgà wò.

Ẹ wá sí ìpàdé o, ẹ má rán ọmọ. Bí a bá pọ̀ níbẹ̀, àbá yìí á di òfin. Bí a bá kéré, ìwé lásán ló máa jẹ́. Èrè tí a ń kó jọ látàárọ̀, kó má jẹ́ pé kídìnrín la máa fi tọ́jú. Ọjà á tà, ara á le, a ó jẹun ọmọ pẹ́. Àṣẹ.